Kí ló dé tí wíìlì iwájú fi tóbi tó yẹn? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ ní penny-farthing

Gbogbo ìgbà tí fọ́tò kẹ̀kẹ́ yẹn bá ti jáde, èyí tí wíìlì iwájú ẹ̀ ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí tẹ̀yìn dẹ̀ rí bíńtín bí ẹni pé wọ́n yá a lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní òyìnbó ayé àtijọ́ ò ronú, àwọn míì á ní àṣehàn lásán ni, kí gbogbo ìlú lè máa gbójú sókè wò wọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹni tó ṣe wíìlì yẹn mọ ohun tó ń ṣe, torí wíìlì yẹn gan-an ni gíà kẹ̀kẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìyẹn dání, gbogbo ìyókù á yé yín: ìdí tí wọ́n fi ń gùn ún bí ẹni gun àkàbà, ìdí tó fi máa ń gbé èèyàn ṣubú síwájú, ìdí tẹ́ ò fi lè kàn yá ti ọ̀rẹ́ yín gùn.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tó wà nílé. Tẹ́ ẹ bá yí pẹ́dà po lẹ́ẹ̀kan, wíìlì ẹ̀yìn á ti yí bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣéènì ló ṣe iṣẹ́ yẹn, torí eyín irin tó wà níbi pẹ́dà pọ̀ ju tẹ̀yìn lọ. Penny-farthing ò ní ṣéènì rárá. Pẹ́dà wà lára wíìlì iwájú fúnra ẹ̀, láàárín gbùngbùn níbẹ̀, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, wíìlì yí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ wá yára? Ọ̀nà kan ló wà, kí wíìlì yẹn tóbi débi pé yíyí kan ṣoṣo á gbé yín jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wíìlì 36 ínǹṣì tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tó máa dé ò tó mítà 3. Wíìlì 52 ínǹṣì á kọjá mítà 4. Tẹ́ ẹ bá wá ń yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù kan, tí kì í ṣe wàhálà fún ẹnikẹ́ni, ti 36 yẹn á máa lọ bíi kìlómítà 10 ní wákàtí, ti 52 á fẹ́ẹ̀ pé 15, ẹsẹ̀ yín ò dẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìṣirò yẹn ò tíì kú títí dòní. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣì máa ń fi ínǹṣì sọ gíà, tí wọ́n bá ní gíà 81, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kẹ̀kẹ́ tó ní eyín 48 níwájú, 16 lẹ́yìn, lórí wíìlì 27 ínǹṣì, ń lọ bíi penny-farthing tí wíìlì ẹ̀ jẹ́ 81 ínǹṣì. Ìyẹn ju mítà 2 lọ o, ẹsẹ̀ ta ló máa dé pẹ́dà ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ṣéènì fi wá borí níkẹyìn.

Nǹkan míì tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé òun ni kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ láyé. Rárá o. Karl Drais ní Jámánì ti gbé tiẹ̀ jáde ní 1817, kò ní pẹ́dà, ẹ máa jókòó lé e lẹ ó máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Láàárín 1860 sí 1870, ní Paris, wọ́n wá fi pẹ́dà sára wíìlì iwájú, orúkọ Michaux làwọn èèyàn sì mọ̀ mọ́ ọn. Igi ni wíìlì yẹn, wọ́n fi irin yí i ká, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní ohun tó ń mi eegun èèyàn, àwa náà mọ ohun tí irin lórí òkúta máa ṣe sí ìbàdí. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé tí wíìlì bá tóbi sí i ó máa yára, àmọ́ igi ni, tẹ́ ẹ bá mú un tóbi ó wúwo. Sípóòkù, ìyẹn àwọn wáyà tín-ín-rín tó so àárín wíìlì mọ́ etí ẹ̀, ló tú wọn sílẹ̀. Eugène Meyer ní Paris ṣe wíìlì oníwáyà ní 1869, nígbà tó di 1870, James Starley àti William Hillman ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ (patent) kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè ní Ariel. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Starley ló ti ń bọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ irin tín-ín-rín. Sípóòkù ò dà bí igi tó ń gbé ẹrù láti abẹ́, fífà ni gbogbo wọn ń fa họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín wíìlì, láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ni wáyà tín-ín-rín fi lè gbé odidi èèyàn.

Kò pẹ́ tó fi kúrò lóde ṣáá. Ní 1885, John Kemp Starley, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò James yẹn, gbé Rover jáde, wíìlì méjèèjì fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ṣéènì wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ dé ilẹ̀. Ní 1888 Dunlop gba ìwé àṣẹ táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú, nǹkan tó kù tí kẹ̀kẹ́ gíga fi ń yangàn, pé wíìlì ńlá máa ń la gọ́tà ojú títì kọjá láì jìn sí i, táyà yẹn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kó tó tó ọdún mẹ́wàá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́.

Orúkọ yẹn náà, ìgbà tí kẹ̀kẹ́ náà ti ń lọ sílé ni wọ́n tó fún un. Penny jẹ́ owó ẹyọ ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, farthing kéré gan-an, mẹ́rin ẹ̀ ló ń jẹ́ penny kan, tẹ́ ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ẹ ti rí kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tó wà lóde, bicycle lásán ni wọ́n ń pè é, kò kúkú sí òmíràn. Ìgbà tí èyí tó ní ṣéènì dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ti àtijọ́ ní "ordinary". Tẹ́ ẹ bá dé àárín àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ lónìí, ordinary yẹn lẹ máa gbọ́ jù, àwọn àgbà inú wọn lè fajú ro díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní penny-farthing, àmọ́ wọn ò ní lé yín.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀ níní ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wọ̀n kì í ṣe owó, ẹsẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ òde òní, ẹ lè gbé ìjókòó ẹ̀ sókè sódò. Ti penny-farthing, ìjókòó wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn níbi tó ti fẹ́ẹ̀ kan orí táyà, kò síbi tó fẹ́ lọ. Tí wíìlì bá jẹ́ 52 ínǹṣì, láti àárín ẹ̀ dé orí jẹ́ 26, ẹ fi kíráǹkì, ìyẹn apá irin tó gbé pẹ́dà dání, kún un, bíi 5, ẹ fi gíga ìjókòó kún un, bíi 3, ìyẹn 34 ínǹṣì tí ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ gùn tó láti abẹ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tí kò bá tó, pẹ́dà á máa sá lọ fún yín tó bá dé ìsàlẹ̀, ẹ ò sì ní lè gùn ún, kò sí ìbọ̀sẹ̀ tó máa tún un ṣe. Àwọn kíráǹkì kan ní ihò gbọọrọ tẹ́ ẹ lè fi sún pẹ́dà wọlé díẹ̀, àmọ́ ínǹṣì kan tàbí méjì nìyẹn. Èyí tó bá kéré fún yín ò burú, ẹ kàn máa yí ẹsẹ̀ púpọ̀ sí i ni. Ẹ wá rí i pé láyé ọjọ́un, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn ló ní gíà tó ga jù, ọlọ́run ló fi jíǹkí ẹ̀.

Gígùn ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹnu dùn ún ròfọ́ o. Lápá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè wíìlì kékeré, irin kan wà níbẹ̀ tó yọ síta, kò gbà ju iwájú bàtà lọ. Ẹ máa dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ na ọwọ́ méjèèjì mú áńdù, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé irin yẹn, ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta pọ́ńpọ́ń lórí ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ̀kẹ́ á máa lọ, nígbà tó bá ti ń lọ dáadáa ẹ máa dìde dúró gbọnrangandan lórí ẹsẹ̀ òsì, ẹ rọra jókòó, ẹ wá fi ẹsẹ̀ wá pẹ́dà tó ń yí kiri lábẹ́ yín. Pẹ́dà ò ní dúró dè yín. Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi áńdù fa ara wọn sókè, ọwọ́ kan á fà ju ìkejì lọ, wíìlì á yà, kẹ̀kẹ́ á bá tibẹ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn dìde, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Àṣìṣe kejì ni ìbẹ̀rù, kí èèyàn dìde nígbà tí kẹ̀kẹ́ ò tíì lọ tó, torí kẹ̀kẹ́ tó bá ń rìn ló máa ń dúró ṣánṣán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa gun irin yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún gùn ún, ẹ tún sọ̀, títí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ló le jù lójú tèmi. Ẹ máa dín eré kù, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí pẹ́dà, ẹ nà án sẹ́yìn láì wo ẹ̀yìn, kó máa wá irin kékeré yẹn fúnra ẹ̀. Tó bá ṣì í, tó lọ kó sínú sípóòkù wíìlì kékeré, ẹ ti mọ ìyókù. Tó bá rí i, ẹ máa sún ìdí sẹ́yìn kúrò lórí ìjókòó, ẹ sọ̀ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ máa sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ní ìṣísẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ má tu áńdù sílẹ̀ o.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti wà lókè, ẹ máa kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́ tó ẹsẹ̀. Wíìlì tẹ́ ẹ fi ń darí náà lẹ ń tẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ yà, òsì tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ yà sódì kejì, ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa dá a padà. Ojú yín ti lé ní mítà 2 sílẹ̀, ẹ ń wo orí òrùlé ọkọ̀ àwọn èèyàn, ẹ dẹ̀ ń ṣọ́ ẹ̀ka igi.

Ìṣubú wá ni nǹkan tí gbogbo èèyàn fẹ́ gbọ́. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí fẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀gangan àárín wíìlì ńlá, ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ báyìí ni. Tí nǹkan kan bá dá wíìlì yẹn dúró lójijì, bóyá òkúta, kòtò, tàbí igi tó wọ sípóòkù, gbogbo kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú èèyàn tó wà lórí ẹ̀ á yí síwájú lórí wíìlì yẹn bí ilẹ̀kùn lórí híńjì ẹ̀, wíìlì kékeré á gbéra nílẹ̀, orí lẹ máa fi lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé áńdù wà níwájú itan yín, ó há ẹsẹ̀ mọ́bẹ̀, ẹ ò lè fò sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn láyé ọjọ́un wá ní ọgbọ́n kan tó dà bí wèrè, tí wọ́n bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá sókè áńdù, kó máa jù síwájú, pé tí kẹ̀kẹ́ bá dà wọ́n nù, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ balẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ nígbà yẹn pẹ́dà ti ń yí fúnra ẹ̀, búréèkì ọwọ́ nìkan ló kù, èmi ò ní gba ẹni tó ń kọ́ ọ níyànjú ẹ̀.

Búréèkì ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Méjì ló wà. Ẹsẹ̀ ni àkọ́kọ́, torí pẹ́dà ò lè yí lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà tó ń gòkè bọ̀ mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dẹwọ́. Èkejì ni irin pẹlẹbẹ bíi ṣíbí tó máa ń tẹ orí táyà ńlá tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fún búréèkì kẹ̀kẹ́ òde òní mọ́wọ́ tó wá fún èyí bẹ́ẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá wíìlì ńlá dúró, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1983 lórí kẹ̀kẹ́ ní kí kẹ̀kẹ́ máa ní búréèkì méjì, àmọ́ wọ́n yọ èyí tí pẹ́dà ẹ̀ ń yí wíìlì tààrà láì sí ṣéènì tàbí gíà láàárín sílẹ̀, nítorí náà penny-farthing ò rú òfin yẹn. Pé òfin gbà yín láyè ò ní kẹ́ ẹ yọ búréèkì tó wà lára ẹ̀ o.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà á, oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá pàdé, ibí yìí lowó ti ń ṣòfò. Àkọ́kọ́ ni ojúlówó, tí wọ́n ṣe láàárín 1870 sí 1892 tàbí bẹ́ẹ̀, àwọn orúkọ bíi Rudge, Singer, Humber, àti Columbia ti Amẹ́ríkà lẹ máa rí. Èkejì ni èyí tí wọ́n ṣe lóde òní fún gígùn, irin dáadáa, bíárìn dáadáa, iṣẹ́ gidi ni, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èmi á ní ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀, torí tó bá wó ẹ lè rí nǹkan rà dí i. Ẹ̀kẹta ni tọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń gbé síta ilé ìtajà tàbí inú ọgbà òdòdó. Ẹni tó bá gun ìyẹn ń wá wàhálà. Ẹ wo ibi irin ìtẹsẹ̀, tí kò bá sí, ẹni tó ṣe é ò retí pé kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Ẹ ka sípóòkù ẹ̀, tó bá jẹ́ díẹ̀ ṣákálá, tó dẹ̀ nípọn bí ìka, ẹ máa lọ. Ẹ gbé wíìlì sókè kẹ́ ẹ yí i, tó bá ń dún gbànrà-gbànrà bí kọ́kọ́rọ́ nínú agolo, kò ní bíárìn gidi.

Àwọn tó ń ta ayédèrú ojúlówó náà wà. Ohun kan tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bó ṣe ń dán. Kíróòmù tó ń dán bí dígí, tó funfun tó fẹ́ẹ̀ jọ búlúù, kò tíì sí lọ́jà nígbà tí wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí, lẹ́yìn 1920 ló tó wọlé. Níkẹ́ẹ̀lì ni tiwọn, tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, tàbí ọ̀dà dúdú. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọdún 1880, tó dẹ̀ ń kọ mànà bíi kíróòmù, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé irin abẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó o, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ti yí padà.

Ibẹ̀ sì ni ìjà àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ máa ń wà, tonímọ́tò toníkẹ̀kẹ́. Àwọn kan gbà pé kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ kùn ún, kó rí bí ọjọ́ tó jáde ní Coventry. Àwọn míì á ní ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbẹ̀, bó ti wù kó ṣí tó, kò lè padà tẹ́ ẹ bá ti ha á nù. Ẹ̀yìn àwọn kejì yìí ni mo wà. Ẹ pa ìpẹtà lára, ẹ fi epo sí bíárìn, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀. Táyà nìkan ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Rọ́bà dídì ni, kò ní afẹ́fẹ́, kò lè jò, àmọ́ rọ́bà tó ti gbó máa ń bọ́ kúrò nínú ríìmù, tó bá bọ́ tó lọ há sínú fọ́ọ̀kì (irin tó di wíìlì mú), ìṣubú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń fi tuntun sí i dára wò: wọ́n á gé rọ́bà gùn ju àyíká ríìmù lọ díẹ̀, wọ́n á ti wáyà gba ihò àárín ẹ̀, wọ́n á fún rọ́bà yẹn jọ sẹ́yìn kó lè súnkì, wọ́n á fa wáyà le dan-in, wọ́n á jó ojú ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n bá tu rọ́bà sílẹ̀ á nà padà bo ojú jíjó náà, ẹ ò ní rí ibi tó ti pàdé. Sípóòkù àtijọ́ ló máa ń fi sùúrù èèyàn ṣeré, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n yí wọ inú họ́ọ̀bù bíi bóòtì, tó bá kán síbẹ̀, ẹ máa lu ihò yọ èyí tó ṣẹ́kù.

Ẹni tó bá ń bi yín pé ṣé nǹkan báyìí ṣeé gùn jìnnà, ẹ sọ fún un nípa Thomas Stevens. Ó kúrò ní San Francisco ní April 1884 lórí Columbia 50 ínǹṣì, ó la Amẹ́ríkà já, ó gba Yúróòpù, Turkey àti Persia kọjá, ó dé India, China, ó parí ẹ̀ ní Japan ní December 1886. Kò sí ọ̀nà ọ̀dà nínú púpọ̀ ibẹ̀, ó ń gbé e kọjá níbi tí kò ti ṣeé gùn.

Ohun kan tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọkọ̀ àtijọ́ gan-an ni ọ̀tá kẹ̀kẹ́ yìí níbi ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́. Ẹ máa jọ tò lọ, mọ́tò 1920 wà níwájú yín, ó gbóná, ó dúró, ó tún lọ, ó tún dúró. Oní mọ́tò kàn tẹ búréèkì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹsẹ̀ yín ò kan ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò lè dúró láì ṣubú, ẹ̀yin dẹ̀ ti mọ bí sísọ̀kalẹ̀ àti gígùn padà ṣe rí. Nítorí náà oní penny-farthing tẹ́ ẹ bá rí tó ń yí po yí po ní oríta, tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un, kì í ṣe pé ó ń ṣe fàájì, iná pupa ló dá a dúró, ó ń wá ọ̀pá tàbí ògiri tó máa dì mú. Ẹ bá mi yà kúrò níbẹ̀ fún un.